Kí Ni Wọ́n Wọ̀n? Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín Lórí Àwọn Ọ̀rọ̀ Ara Páálí Oúnjẹ

Nígbà tí a ní kí ẹ̀yin òǹkàwé wa fi àwọn ọ̀rọ̀ tó ń rú yín lójú lára páálí oúnjẹ ránṣẹ́ sí wa, mo rò pé ìbéèrè nípa ohun tó yẹ ní jíjẹ àti ohun tí kò yẹ ni yóò pọ̀ jù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ náà gan-an ni ẹ ń béèrè. Bí mo sì ṣe ń ka lẹ́tà yín, mo rí i pé ohun kan náà ló ń dí púpọ̀ nínú yín lọ́wọ́: ẹ gbà pé gbogbo orúkọ tó wà lára páálí jẹ́ orúkọ ohun tí ènìyàn lè fi ṣíbí bù. Púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Èsì ìwọ̀n ni wọ́n, ẹni tó bá sì mọ bí wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n ni yóò mọ ohun tí orúkọ náà ń sọ àti ohun tí kò sọ.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Ọmọ mi tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama bi mí pé ibo ni kálórì máa ń wà nínú oúnjẹ, ṣé inú ọ̀rá ni àbí inú ṣúgà. N kò mọ ohun tí mo lè sọ fún un. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni kálórì gan-an? (Ìyá kan)

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun, mà. Ẹ sọ fún ọmọ yín pé kálórì kò sí nínú oúnjẹ kankan, gẹ́gẹ́ bí máìlì kò ṣe sí lójú ọ̀nà. Máìlì ni a fi ń wọn ọ̀nà. Kálórì ni a fi ń wọn agbára tí oúnjẹ lè fún ara. Kálórì kékeré, tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kọ́kọ́ ń lò, ni ìwọ̀n ooru tó lè mú kí omi gíráàmù 1 gbóná sí i ní ìwọ̀n 1 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ìyẹn kéré jù fún ọ̀rọ̀ oúnjẹ, nítorí náà èyí tó wà lára páálí jẹ́ ẹgbẹ̀rún kan irú rẹ̀, èyí tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún omi kílógíráàmù 1. Òun ni wọ́n ń kọ ní kcal. Níbi tí ẹ bá ti rí kJ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, agbára kan náà ni wọ́n fi òṣùwọ̀n mìíràn wọ̀n: kcal 1 jẹ́ nǹkan bíi kJ 4.2.

Sísun ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Wọ́n á gbẹ oúnjẹ náà, wọ́n á fi í sínú àgbá irin kékeré tí wọ́n rọ ọ́síjìn kún, wọ́n á rì í sínú omi, wọ́n á sì tan iná sí i láti inú. Bí omi náà bá ṣe gbóná tó ni yóò sọ iye agbára tó jáde. Ṣùgbọ́n ara kì í ṣe ààrò. Igi gbígbẹ yóò jó dáadáa nínú àgbá yẹn, bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá jẹ igi kò ní rí agbára nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí Wilbur Atwater, onímọ̀ kẹ́mísírì ará Amẹ́ríkà, fi ṣe iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún láti yọ agbára tó ń bá ìgbẹ́ àti ìtọ̀ jáde kúrò nínú ìṣirò. Láti ọwọ́ rẹ̀ ni àwọn iye tí a ṣì ń lò ti wá: gíráàmù 1 purotéènì jẹ́ kcal 4, ti kàbóháídíréètì jẹ́ 4, ti ọ̀rá jẹ́ 9. Tí páálí bá sọ pé purotéènì gíráàmù 10, kàbóháídíréètì gíráàmù 20 àti ọ̀rá gíráàmù 5 ló wà nínú oúnjẹ kan, kí ọmọ yín fi ìwé àti kálámù ṣe é: 40, 80 àti 45, tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 165.

Bóyá yóò tún béèrè ìdí tí ọ̀rá fi ju ìlọ́po méjì ṣúgà lọ. Kí nǹkan jó túmọ̀ sí pé kí ọ́síjìn so mọ́ ọn. Ọ́síjìn ti wà nínú ṣúgà lọ́pọ̀lọpọ̀ tẹ́lẹ̀, àfi bí igi tí iná ti jẹ dé ìdajì. Èyí tó wà nínú ọ̀rá kò tó nǹkan, nítorí náà ohun tó kù láti jó nínú rẹ̀ pọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ni mí. Mo rí i lára páálí wàrà gbígbẹ pé purotéènì gíráàmù 25.5 ló wà nínú gíráàmù 100 rẹ̀. Oríṣiríṣi purotéènì ló wà, wọn kò sì jọra wọn. Báwo ni wọ́n ṣe rí gbogbo rẹ̀ kó jọ tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n?

ÌDÁHÙN: Ìbéèrè yín pa mí lẹ́rìn-ín, sà, nítorí pé nínú ọ̀pọ̀ ilé ìwádìí, wọn kì í wọn purotéènì rárá. Nitirójìn ni wọ́n ń wọ̀n. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kábọ́ọ̀nù, haidirójìn àti ọ́síjìn ni wọ́n fi mọ ṣúgà, sítáàṣì àti ọ̀rá. Purotéènì ní àwọn mẹ́ta yìí, ó sì tún ní nitirójìn, tó jẹ́ nǹkan bí ìdá 16 nínú 100 ìwọ̀n rẹ̀. Lọ́dún 1883, Johan Kjeldahl, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí Carlsberg ní ìlú Copenhagen ní Denmark, gbé ọ̀nà kan kalẹ̀. Wọ́n á se oúnjẹ nínú ásíìdì sọ́fúríìkì títí gbogbo rẹ̀ yóò fi túká, tí nitirójìn inú rẹ̀ yóò sì di iyọ̀ àmóníà. Wọ́n á da èyí tó ń pa agbára ásíìdì sí i kí àmóníà lè tú jáde bí gáàsì. Wọ́n á gba gáàsì náà sínú ásíìdì mìíràn, wọ́n á sì wọ̀n ọ́n. Iṣẹ́ ìpọntí ni ilé ìwádìí náà wà fún, purotéènì inú ọkà bálì sì ni Kjeldahl fẹ́ mọ̀, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ọ̀nà rẹ̀ fi di ti gbogbo ayé.

Tí wọ́n bá ti mọ iye nitirójìn, wọ́n á fi 6.25 sọ ọ́ di púpọ̀, nítorí pé 100 tí a bá pín sí ọ̀nà 16 jẹ́ 6.25. Fún wàrà, 6.38 ni wọ́n ń lò, nítorí pé nitirójìn inú purotéènì rẹ̀ kéré díẹ̀ sí ìdá 16. Nítorí náà, ohun tí ẹnì kan rí nínú wàrà tiyín ni nitirójìn gíráàmù 4. Ìṣirò ló sọ ọ́ di 25.5.

Ẹ lè ní kí ló kan òǹkàwé níbẹ̀. Ó kàn án púpọ̀. Lọ́dún 2008, ní China, àwọn kan bu omi lu wàrà, wọ́n sì da melamine sí i, kẹ́míkà tí wọ́n fi ń ṣe irú àwo oníke líle kan, kí àyẹ̀wò má baà fi wọ́n hàn. Ìdá méjì nínú mẹ́ta ìwọ̀n melamine ló jẹ́ nitirójìn, bẹ́ẹ̀ kò sí purotéènì kankan nínú rẹ̀. Àyẹ̀wò ka nitirójìn, ó sì rí i pé ó pé; irọ́ tí àwọn oníwàrà náà pa, orí ìsọdipúpọ̀ ni wọ́n gbé e lé. Nǹkan bí ọmọ 300,000 ló ṣàìsàn, tí òkúta ń dì nínú kíndìnrín wọn, àwọn aláṣẹ ibẹ̀ sì kéde ikú ọmọ ọwọ́ mẹ́fà. N kò sọ èyí láti dẹ́rù bà yín, torí pé àwọn ilé ìwádìí ti ń wá melamine fúnra rẹ̀ láti ìgbà náà. Mo sọ ọ́ nítorí pé n kò mọ àpẹẹrẹ mìíràn tó fi ìyàtọ̀ tó wà láàárín ohun tí a wọ̀n àti ohun tí a pè é hàn kedere tó bẹ́ẹ̀.

Ohun kan ṣì wà tí iye yẹn kò lè sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín. Purotéènì dà bí okùn ìlẹ̀kẹ̀, ásíìdì amino sì ni ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀. Oríṣi 20 ni ara wa ń sín sórí okùn. Ara àgbàlagbà lè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe 11 nínú wọn, ṣùgbọ́n 9 yòókù gbọ́dọ̀ wá láti inú oúnjẹ. Àwọn ọkà bí àlìkámà àti ìrẹsì kò ní púpọ̀ nínú èyí tó ń jẹ́ lysine. Àwọn irúgbìn inú pódi, bí ẹ̀wà, ní i dáadáa, ṣùgbọ́n methionine ni kò pọ̀ nínú tiwọn. Purotéènì gíráàmù 10 láti inú ọkà àti gíráàmù 10 láti inú ẹyin yóò jẹ́ 10 kan náà lára páálí, wọn kò sì ní ṣe iṣẹ́ kan náà nínú ara.

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀rẹ́ mi tó ń gbé irin ní kí n máa mu ẹyin tútù, pé sísè ń pa purotéènì. Ṣé òótọ́ ni?

ÌDÁHÙN: Rárá o. Okùn ìlẹ̀kẹ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn kì í dúró gbọọrọ. Ó máa ń ká jọ ní ọ̀nà tó ní ètò. Ooru ń tú u ká, àwọn okùn tó tú á sì lọ́ mọ́ ara wọn, ìdí nìyí tí omi ẹyin tó mọ́ gaara fi ń di funfun tó sì ń le. Okùn náà kò já, ìlẹ̀kẹ̀ kankan kò sì sọnù. Kódà, okùn tó ti tú ká ni omi inú ikùn ń rí gé wẹ́wẹ́ ní ìrọ̀rùn, nítorí náà ara ń rí purotéènì gbà nínú ẹyin sísè ju nínú tútù lọ. Ẹyin tútù sì lè ní kòkòrò àìlèfojúrí salmonella nínú. Ẹ bá mi kí ọ̀rẹ́ yín.

ÌBÉÈRÈ: Bàbá mi ní àtọ̀gbẹ. Mo ra oúnjẹ kan fún wọn tó jẹ́ pé kàbóháídíréètì rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 70 nínú 100, ṣùgbọ́n ṣúgà inú rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 2 péré. Inú mi dùn sí gíráàmù 2 yẹn, àmọ́ ìyàwó mi ní kí n má tètè yọ̀. Ta ló tọ̀nà nínú wa?

ÌDÁHÙN: Ìyàwó yín ni. Ṣúgà tí wọ́n ń kọ sára páálí ni èyí tó jẹ́ mólékù kan tàbí méjì péré: gúlúkóòsì, fúrúkítóòsì, ṣúgà inú tíì tó jẹ́ gúlúkóòsì kan àti fúrúkítóòsì kan tó so pọ̀, àti ti inú wàrà. Sítáàṣì kò sí nínú ìkà yẹn, bẹ́ẹ̀ ọgọ́rọ̀ọ̀rún gúlúkóòsì tó so kọ́ra ni sítáàṣì, títí dé ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Itọ́ ẹnu ti ń já a láti orí ahọ́n, ìfun kékeré á sì parí iṣẹ́ náà, tí gúlúkóòsì á fi wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ahọ́n kì í pe sítáàṣì ní adùn, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kò mọ ìyàtọ̀. Gíráàmù 70 ni kí ẹ wò fún bàbá, kì í ṣe 2, kí ẹ sì bi dókítà wọn léèrè iye tó tọ́ sí wọn ní ìjókòó kan.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń rí 70 yẹn, torí pé ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Láti àwọn ọdún 1860, ní ibùdó ìwádìí kan tó wà ní Weende ní Jámánì, ni wọ́n ti ṣètò bí a ṣe ń tú oúnjẹ sí ìsọ̀rí fún àyẹ̀wò. Wọ́n á gbẹ ẹ́ kí wọ́n lè mọ omi inú rẹ̀. Wọ́n á sun díẹ̀ di eérú, eérú náà sì ni àwọn èròjà inú ilẹ̀, bíi kálísíọ́ọ̀mù àti irin. Wọ́n á fi éétà, kẹ́míkà olómi kan tó ń yọ́ ọ̀rá, fọ ọ̀rá inú rẹ̀ jáde. Wọ́n á ṣírò purotéènì láti ara nitirójìn. Ohun tí kò bọ́ sí ọ̀kankan nínú mẹ́rin yìí ni ó di kàbóháídíréètì títí di òní ní ọ̀pọ̀ ibi: wọ́n kàn yọ ìyókù kúrò nínú 100 ni. Gbogbo àṣìṣe tó bá wà nínú ìwọ̀n mẹ́rin àkọ́kọ́ yóò sì kó sínú rẹ̀.

Ìyẹn náà ló fà á tí fáíbà fi ń dá wàhálà sílẹ̀. Fáíbà ni okun inú ewé, èso àti èèpo ọkà tí kì í dà nínú ìfun kékeré. Sẹ́lúlóòsì, tó wọ́pọ̀ jù nínú wọn, jẹ́ gúlúkóòsì tó so kọ́ra bí ti sítáàṣì gẹ́lẹ́, àfi pé ìsopọ̀ wọn dojú kọ ibòmíràn, a kò sì ní irinṣẹ́ tó lè já a. Ní Amẹ́ríkà, fáíbà wà nínú iye kàbóháídíréètì tí wọ́n kọ; ní Yúróòpù, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò kí wọ́n tó kọ ọ́. Tí oúnjẹ bàbá bá wá láti ilẹ̀ òkèèrè, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá wọ́n kọ fáíbà sí abẹ́ kàbóháídíréètì tàbí sí ìlà tirẹ̀ lọ́tọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Wọ́n ní ọ̀rá kan "kún", òmíràn "kò kún". Kí ló kún inú rẹ̀?

ÌDÁHÙN: Haidirójìn ni. Kábọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan ní ọwọ́ mẹ́rin. Nínú ásíìdì ọ̀rá, ìyẹn èyí tí wọ́n fi mọ ọ̀rá, àwọn kábọ́ọ̀nù to ara wọn bí ọmọ ilé ìwé tó di ọwọ́ ara wọn mú lórí ìlà, tí ọwọ́ tó kù sì mú haidirójìn. Tí gbogbo ọwọ́ tó ṣófo bá ti rí haidirójìn mú, ọ̀rá náà ti kún. Níbi tí kábọ́ọ̀nù méjì bá ti fi ọwọ́ méjì méjì di ara wọn mú, ààyè haidirójìn dín kù níbẹ̀, ìlà náà á sì wọ́. Ìlà tó tọ́ rọrùn láti tò pọ̀ bí igi ìdáná, ìdí nìyí tí bọ́tà fi ń dì. Èyí tó wọ́ kò tò pọ̀ dáadáa, ìdí nìyí tí òróró fi ń ṣàn.

Lọ́dún 1902, Wilhelm Normann, ará Jámánì, gba ìwé àṣẹ lórí bí wọ́n ṣe lè rọ haidirójìn sínú òróró kí ó lè dì. Iṣẹ́ náà dára títí wọ́n fi rí i pé, tí wọn kò bá kún un tán, díẹ̀ nínú ìlà tó wọ́ yóò kàn yí padà di títọ́ láìkún. Òun ni wọ́n ń pè ní ọ̀rá trans, ó sì burú fún ọkàn ju ọ̀rá tó kún lọ. Lọ́dún 2018, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí gbogbo orílẹ̀-èdè mú èyí tí ilé iṣẹ́ ń ṣe kúrò nínú oúnjẹ.

ÌBÉÈRÈ: Kí ló dé tí fítámì fi ní A, B, C, D, E, tó wá fò dé K? Níbo ni F sí J wà?

ÌDÁHÙN: Wọ́n wà nígbà kan. Nígbà tí Casimir Funk dá orúkọ náà sílẹ̀ lọ́dún 1912, ó rò pé irú èròjà kan náà, tó ní nitirójìn, ni gbogbo wọn; àṣìṣe ni, ṣùgbọ́n orúkọ ti dúró. Lẹ́yìn náà, wọ́n ń fún ohun tuntun ní lẹ́tà kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n dájú. G wá di B2, H di B7, F sì já sí ásíìdì ọ̀rá. K kò tẹ̀lé ìlà rárá: láti ara ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí dídì ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ti mú un. Mẹ́tàlá ló kù lónìí. Mẹ́rin, ìyẹn A, D, E àti K, ń yọ́ nínú ọ̀rá. Mẹ́sàn-án yòókù ń yọ́ nínú omi, wọ́n sì máa ń bá omi tí a fi se ẹ̀fọ́ lọ.

ÌBÉÈRÈ: Mo kọ oúnjẹ kan sílẹ̀ nítorí pé wọ́n kọ E300 sára rẹ̀. Ọjà tó kọ "kò sí kẹ́míkà" ni mo ń rà báyìí. Ṣé mo ṣe dáadáa?

ÌDÁHÙN: Fítámì C ni E300. Nọ́ńbà E jẹ́ orúkọ tí Yúróòpù fún èròjà tí wọ́n ti yẹ̀ wò tí wọ́n sì fọwọ́ sí kí a fi sínú oúnjẹ. E330 ni ásíìdì inú ọsàn wẹ́wẹ́, E322 ni lecithin tó wà nínú pupa ẹyin. Ní ti "kò sí kẹ́míkà", omi pàápàá jẹ́ kẹ́míkà, nítorí náà páálí tó bá sọ bẹ́ẹ̀ ní láti ṣófo. Èmi kì í ra ohun tó bá kọ ọ́.

ÌBÉÈRÈ: Dókítà ní kí iyọ̀ mi má tó gíráàmù 5 lóòjọ́. Lára ohun tí mo ń jẹ, sódíọ́ọ̀mù miligíráàmù 800 ni mo rí. Ṣé ìyẹn kò tó gíráàmù 1 iyọ̀?

ÌDÁHÙN: Ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Sódíọ́ọ̀mù àti kilorínì ló para pọ̀ di iyọ̀, sódíọ́ọ̀mù sì jẹ́ nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 rẹ̀. Ẹ fi 2.5 sọ ọ́ di púpọ̀: miligíráàmù 800 di gíráàmù 2 iyọ̀, èyí tó ti jẹ́ ìdá méjì nínú márùn-ún ohun tí dókítà yín fàyè gbà. Níbi tí wọ́n bá ti kọ "iyọ̀" dípò sódíọ́ọ̀mù, ẹ ṣì wò ó dáadáa. Sódíọ́ọ̀mù ni wọ́n wọ̀n níbẹ̀ náà, tí wọ́n sì fi 2.5 sọ di púpọ̀, títí kan èyí tó wá láti inú ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ń mú àkàrà òyìnbó wú. Nítorí náà, àkàrà òyìnbó tí ẹnikẹ́ni kò bu iyọ̀ sí lè ní iyọ̀ lára páálí, ohun tó wà níbẹ̀ sì ni dókítà yín fẹ́ kí ẹ kà.